Hóró Àgbàdo Kan ní Katy

Òórùn bọ́tà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ mi ní Katy, nílùú òyìnbó níbí, lọ́jọ́ Thanksgiving tí wọ́n fi ń dúpẹ́ ọdún, bọ́tà pẹ̀lú ewé kan tó ń ta sánsán bí àgbo. Odidi tòlótòló ni wọ́n máa ń fi bọ́tà pa lára bí ọmọ tuntun, wọ́n á wá gbé e sínú oven látàárọ̀. Kò sí ata. Mi ò kì í dá sí i, torí ilé mi kọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rẹ́ mi, mo tún ní ìdí tó dáa láti pa ẹnu mi mọ́: yàrá kan wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì, tí ọmọ mi ti kùn ní funfun nítorí tèmi.

Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé tí a bá jẹun tán, òun máa sọ fún gbogbo ilé pé Dádì ń kó bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti gbà. Ó ku ìyá ọkọ. Ìyá yẹn ti pẹ́ nílùú yìí, oníṣẹ́ oògùn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ni, Pearland ló ń gbé, àmọ́ tí kò bá tíì mi orí, kò sẹ́ni tó ń sún àga kan ní Katy. Èmi ní tèmi, gáàdì ni mí níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, mò ń dá gbé apartment kan tí àwọn ará òkè mi máa ń rìn bí ẹni ń gúnyán. Mo ti ń kó àwo sínú páálí. Ẹni tí wọn ò tíì fún ní kọ́kọ́rọ́ ti di ẹrù. Kì í ṣe ilé ńlá ló ń wù mí o. Ó ń wù mí kí n máa gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi láàárọ̀ ni.

Ọmọ-ọmọ mi yìí ló mú eré kan bọ̀ láti school. Wọ́n á fún oníkálukú ní hóró àgbàdo gbígbẹ kan, aláwọ̀ mèremère bí ìlẹ̀kẹ̀. Abọ́ kan á máa lọ yí tábìlì ká, wàá sọ ohun tí ò ń dúpẹ́ lé lórí, wàá sì ju hóró tìẹ sínú abọ́. Family activity ni wọ́n ń pè é. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ìkẹfà náà ò sì wọlé dáadáa, kí wọ́n tó ṣàlàyé tán mo ti ju tèmi sẹ́nu. Mo rò pé nǹkan ìpanu ni. Ọmọ náà kígbe, mo yọ ọ́ jáde, mo fi nápúkíìnì nù ún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Eyín mi ọ̀hún ò bá wa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi dúpẹ́ fún ìlera. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ fún family. Ọmọ náà dúpẹ́ fún ajá rẹ̀. Ọmọ mi ní òun dúpẹ́ fún gbogbo wa. Mo ń wò wọ́n. Ṣé ọpẹ́ nìyí? Nínú ìjọ tèmi, ẹni tó bá jáde wá dúpẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí Ọlọ́run ti gbé e. Tí o ò bá sọ̀rọ̀ kòtò, báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n fà ọ́ jáde? Ni mo bá dìde, mo ṣí fìlà.

Mo dúpẹ́ fún ọdún tí èmi àti ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí à ń sùn sí yàrá tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kó àga sí. Mo sọ bí a ṣe tò sórí ìlà nínú òjò ní Thanksgiving torí tòlótòló ọ̀fẹ́, bí tòlótòló náà ṣe dì gbagidi bí òkúta, bí a ò ṣe ní oven, tí mo fi yá àáké, tí mò ń là á lórí àtẹ̀gùn, tí yìnyín ń ta sí ọmọ mi lójú, tó ń rẹ́rìn-ín. Ata rodo la fi sè é. Mi ò tíì jẹ tòlótòló tó dùn tó ìyẹn. Mo wá parí ẹ̀: "Ọmọ tó tò fún tòlótòló ọ̀fẹ́ ló nilé yìí lónìí. Ẹ bá mi yin Olúwa."

Mo dúró de Halelúyà. Fíríìjì nìkan ló dáhùn.

Ìyá ọkọ gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ mi, ohùn rẹ̀ tutù: "Ṣebí o ní ilé tí Dádì rà lẹ kọ́kọ́ gbé nígbà tẹ́ ẹ dé?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé mo ti ra ilé rí. Wọ́n tún ní mo ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun.

"Dádì, ẹ jókòó," lọmọ mi wí. Ìyá ọkọ ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run tóbi," lóhùn tí wọ́n fi ń kí àlejò tí wọn ò fẹ́ kó jókòó.

A jẹun tán, a jẹ pie, a mu tíì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ yàrá. Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi gbé àjẹkù ńlá kan tí ó fi fóìlì wé fún mi. Mo bi í pé irọ́ wo ni mo pa.

"Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, Dádì. Ìyẹn gan-an ló pa mí."

Tòlótòló yẹn wúwo débi pé nígbà tí mo gbé e sórí àga iwájú nínú mọ́tò, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé kí ó so bẹ́líìtì. Mo so ó fún un. Báyìí la ṣe jọ gba freeway lọ sílé, àwa méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pè láti kí wọn kú àná. Fóònù dún títí, ó dákẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan ló wà nínú yàrá funfun yẹn báyìí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí. Wọ́n fún mi ní hóró tèmi, mi ò jẹ ẹ́. Nígbà tó kàn mí, mi ò dìde, mi ò ṣí fìlà. Mo ní, "Mo dúpẹ́ fún tòlótòló." Mo jù ú sínú abọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá ọkọ ní mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ọdún kan gbáko.

Ọpẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn, ọpẹ́ tí kò ní kòtò nínú. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Àmọ́ ní ọdún tí mo sọ̀rọ̀ àáké yẹn, bí wọ́n ṣe ní kí n jókòó, kò sẹ́ni tó rántí gbé abọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Hóró yẹn ṣì wà nínú àpò kóòtù tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti àpá eyín mi. Tí wọ́n bá ti ní kí àwọn ọlọ́pẹ́ jáde wá, mo máa ń tọwọ́ bọ àpò, mo máa ń dì í mú. Mi ò kì í jáde.