Ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Pòròpórò

Ìyá Pòròpórò ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, torí òun ló ń gé pòròpórò àgbàdo, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun náà ló ń sè é nínú àgbá irin ńlá. Tó bá ti tutù díẹ̀, wọ́n á da omi inú ìgò kan sí i tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Nǹkan yẹn a máa jẹ pòròpórò bí ikán ṣe ń jẹ igi, á sọ ọ́ di omi dídùn. Omi dídùn yẹn ni wọ́n á wá pọn di epo tí mọ́tò ń mu.

Ìgò kan ṣoṣo ló kù. Àwọn tó fẹ́ máa ra epo ọ̀hún ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Tí àgbá ò bá dùn, ilé iṣẹ́ di títì, iṣẹ́ ìyá parí nìyẹn.

Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ti bàjẹ́ tipẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni ìyá fi ń wò ó, bí ìgbà téèyàn ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló. Ó bu díẹ̀ sínú abọ́, ó ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó fò sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó tutù. Ó ṣì ń bó èèyàn."

Ọ̀gá, ọmọ àná tí ìkánjú ò jẹ́ kó jẹ oúnjẹ tó jinná rí, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ wẹ̀ ni?"

"Ẹ kà á sí ọmọ. Tó bá gbóná jù, agbára omi inú ìgò yìí á kú."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò kàwé!" Ó já ìgò gbà lọ́wọ́ ìyá, ó da gbogbo ẹ̀ sínú àgbá tó ń ru fùù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá fi ìka tọ́ ọ wò. Kò dùn rárá. Ó ro ó, kò yọ́. Inú ń bí i. Ó tọ ọ̀gá lọ.

"Ẹ ní sùúrù, Màmá."

Ẹni tí ò ní sùúrù wákàtí kan ló wá ń kọ́ni ní sùúrù!

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àlejò tó fẹ́ máa ra epo dé. Àgbà inú wọn tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Omi pòròpórò lásán nìyí."

Kíá, ọ̀gá nàka. "Màmá yìí ló sè é."

Ìyá ká apá aṣọ sókè. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ti bó, ó pọ́n bí ata. "Èmi ni mo sè é, irọ́ kọ́. Ìgbọ̀nwọ́ tó ní ó gbóná rèé. Ẹ wá bi ọ̀gá, ọwọ́ ta ló da ìgò?"

Ọ̀gá ń wo bàtà ara ẹ̀. Àwọn àlejò wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Pòròpórò tí ìyá fi oṣù mẹ́rin gé kún inú ilé dé òrùlé, kò sí ẹ́ńsáìmù tí yóò jẹ ẹ́.