Fàlílátù Ọláwùmí Wo Lẹ Rí?

Fàlílátù Ọláwùmí ti kú o. Ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe èmi. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn gan-an ló máa ń wà lábẹ́ fọ́tò mi nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin mọ́kànlá tí ẹ pè mí lórí fóònù láti bi mí bóyá mo ti kú. Ẹnì kan nínú yín tiẹ̀ ní kí n gbé fóònù fún ẹni tó wà nítòsí òkú. Ní Ìkòròdú tí mò ń gbé, láńlọ́ọ̀dù mi kan ilẹ̀kùn, ó rí mi, ó ní, "Háà, ẹ ṣì wà?" Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Ẹni tó kú ni Fàlílátù Ọláwùmí àgbà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó fi ọdún márùndínlógójì gbẹ̀bí ní Agbowa kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí, tí dókítà kankan kò wò ó. Mi ò níí dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Orúkọ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, mi ò fẹ́ dá kún un. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dìde, ó relé, ó ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣùkúrátù, bu omi fún òun. Kí omi tó dé, ó ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Kò sí ọmọ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò fi "ẹ" kí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì là, tí ara rẹ̀ ṣì ń yọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì á gbé e sókè, á ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ pẹ́ lọ́nà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú." Àwọn ìyá á máa rẹ́rìn-ín nínú ìrora. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tó ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ìṣẹ́jú kan, á ní, "Àlejò ni. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa dà ni? Ẹ jẹ́ n tètè bọ̀wọ̀, kí n má bàa máa tọrọ gáfárà lọ́jọ́ iwájú." Èmi náà gba "ẹ" tèmi lọ́jọ́ tí mo dé ayé. Ìyá mi ní láti ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹni tó tún bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ọmọbìnrin tó wà nídìí réjísítà, tí kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, wo ìyá àgbà tí kò lè mí dáadáa, ó ní, "Ìyá, lọ jókòó síbẹ̀ yẹn. Tó bá kàn ẹ́, wàá gbọ́." Wàá gbọ́! Bí ó bá jẹ́ pé Agbowa ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ọwọ́ ìyá náà ló bọ́ sí, "Ẹ káàbọ̀" sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí etí rẹ̀ gbọ́ láyé.

Fàlílátù Ọláwùmí mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ará Ejinrin ni tòun, akọni tó ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra níbi ìdíje ọkọ̀ ojú omi wíwà, débi pé àwọn ọkùnrin tó fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ ń sọ pé omi ló ń bá a tì í. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló ṣàlàyé fún mi.

"Wọ́n pe Fàlílátù Ọláwùmí," ó ní. "Mo dìde, Màmá náà dìde. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Màmá wo ikùn mi, wọ́n ní, 'Ẹ máa wọlé. Ẹ̀yin méjì lẹ wà, èmi nìkan ni mo wà. Wọ́n á tún pè mí.' Mo ní, 'Màmá, ẹ lọ ná.' Wọ́n kọ̀. Àǹtí, bí mo ṣe wọlé nìyẹn." Obìnrin tí ìgbì ọ̀sà kò bà lẹ́rù, ẹkún kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọn kò tún pè é mọ́. Ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé? Ọmọbìnrin ìdí réjísítà rí káàdì méjì tí orúkọ orí wọn bára mu, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan ló ń fi ìwọra gba nọ́ńbà méjì. Ló bá pa káàdì méjèèjì pọ̀. Ó mú ọjọ́ orí lára ọ̀kan, ó mú ohun tó ń ṣe aláìsàn lára ìkejì. Mo fojú ara mi ka ohun tó wà nínú réjísítà náà: "Fàlílátù Ọláwùmí. Obìnrin. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Oyún oṣù méje. A ti rí i. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Láti ayé Ìyá wa Sárà, ìgbà mélòó la tún ti gbọ́ irú èyí? Àwọn oníṣẹ́ ìyanu ń wá ohun tí wọ́n máa fi han aráyé kiri, ó ṣẹlẹ̀ ní Agbowa, wọ́n fi tíìkì kan bò ó mọ́lẹ̀! Dókítà buwọ́ lù ú, ọ̀gá dókítà buwọ́ lù ú. Ẹnì kan ṣoṣo kò sọ pé, "Ẹ gbọ́ ná, ìyá ọdún mélòó?"

Nígbà tí ìròyìn ikú náà tàn, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní Ìgbìmọ̀ Ìrántí Ẹni Rere, tí àkóso ilé ìwòsàn náà wà lọ́wọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n kun yàrá ìgbẹ̀bí lọ́dà, wọ́n fi orúkọ olóògbé sọ ọ́. Ẹni tí kò rí yàrá wọ̀ nígbà tó ń mí, ó gba odindi yàrá lẹ́yìn ikú. Ó wá ku fọ́tò. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé Ṣùkúrátù, fọ́tò ìyá rẹ̀ sì kún ara ògiri. Wọn kò rìn ín. Wọ́n tẹ orúkọ náà sórí fóònù, wọ́n mú èyí tó kọ́kọ́ yọjú.

Èyí tó kọ́kọ́ yọjú ni Fàlílátù Ọláwùmí ti Ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́, ẹlẹ́ja tí gbogbo ayé mọ̀. Ó gbé ọ̀bọ̀kún kan tó gùn tó apá ọkùnrin dání nínú fọ́tò náà, ó la ẹnu gbàgà, ẹja náà la ẹnu gbàgà. Òun ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí. Bí mo ṣe ń wí yìí, aboyún tó bá ń rọbí ní Agbowa, tó bá gbójú sókè pé kí Ọlọ́run yọ òun, ẹja ló máa rí. Ọ̀kan nínú wọn ti bi nọ́ọ̀sì pé ṣé kí òun máa jẹ ẹja ni àbí kí òun má jẹ ẹ́.

Fọ́tò kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìbánikẹ́dùn tí wọ́n pín káàkiri. Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀ fún mi: "Oníbàárà mi kan wọ dúdú wá, ó ti ń sunkún bọ̀ látọ̀nà. Ó dé ìdí tábìlì mi, ó rí mi, ó figbe ta! Mo ń pè é, 'Mádàámú, ẹ padà wá, èmi ni!' Bí mo ṣe ń sọ pé èmi ni, bẹ́ẹ̀ ló ń sáré sí i. Tí mo bá ti kú, ta ló ń tẹ́ ẹja?" Bàtà ẹsẹ̀ kan tí obìnrin náà fi sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

Àwa mẹ́rin la lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ náà: Ṣùkúrátù, ẹlẹ́ja, ọlọ́kọ̀ Ejinrin, àti èmi. Ọ̀gbẹ́ni Festus, akọ̀wé wọn, gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wa ní omi tútù. Ṣùkúrátù kò fọwọ́ kan omi náà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi fọ́tò ṣe. Tèmi ni pé kí ẹ pa 'a ti rí i' yẹn rẹ́. Ẹ ò rí ìyá mi. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé kí ni mo fún wọn jẹ, torí ìwé yín sọ pé àlàáfíà ni wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ yín. Omi nìkan ni mo bù fún wọn, ọ̀gá. Wọn ò tiẹ̀ rí i mu."

Ọ̀gbẹ́ni Festus mí kanlẹ̀. "Sọ́rì, mà. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n réjísítà ti wọ kọ̀mpútà, kò ṣe é yọ. Orúkọ yẹn ló pọ̀ jù. Láàárín Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, Fàlílátù Ọláwùmí méjìléláàádọ́ta ló wà lórí kọ̀mpútà wa. Mẹ́ta ló tún jókòó síwájú mi yìí. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó kú?"

"Èyí tí kò bá yín jà ni!" ẹlẹ́ja dá a lóhùn.

Orúkọ yẹn ló pọ̀ jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á tó fi pọ̀. Àárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni Agbowa wà. Ọmọ tí kò bá lè ní sùúrù títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé ibi tó ń lọ, ibẹ̀ ló máa ń sọ̀ sí, ọwọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì ló sì máa ń bọ́ sí. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ìyá wa wo ilé, wọ́n wo ọwọ́ tó gbà wọ́n là. Fàlílátù ni bàbá nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́, Ọláwùmí ni ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àwọn ìyá wa sì kó méjèèjì pọ̀ fún wa. Ìyá tèmi kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ó wá rẹ́ǹtì yàrá ní Ìkòròdú. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, pásítọ̀ bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, "Fàlílátù?" Ìyá mi ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Àwọn ọmọkùnrin mélòó kan náà ì bá máa jẹ́ ẹ, àwọn bàbá wọn ló gbà wọ́n sílẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wọn. Ìyá mi gbọ́ ọ létí ara rẹ̀: "Ẹ rọra o. Tí ẹ bá sọ gbogbo ọmọ lórúkọ mi, lọ́jọ́ kan wọ́n á pè mí, ẹlòmíràn ló máa dáhùn." Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó ń ṣàwàdà lóòótọ́. Ta ló mọ̀ pé àwọn ẹni tó ń gba owó oṣù máa sọ àwàdà náà di òótọ́?

Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Festus, orúkọ yẹn pọ̀ torí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ohun tó wà lójú kọ̀mpútà yín ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin kan, ẹ wá ń pè é ní àṣìṣe. Mi ò ní kí ẹ lé ọmọbìnrin ìdí réjísítà. Mo rí i: òun ló ń gba káàdì, òun ló ń pe orúkọ, òun ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn. Ta ló fi iṣẹ́ ẹni mẹ́rin lé ẹnì kan lọ́wọ́? Ta ni dókítà tó buwọ́ lu oyún ìyá arúgbó? Orúkọ wọn ni mò ń béèrè, mo sì ń gbàdúrà kó má jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ náà fẹ́ ṣí yàrá ìgbẹ̀bí náà. A ti rí ìwé ìpè wọn. Kí wọ́n tó dé ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé ẹja kúrò lára ògiri. Ẹlẹ́ja ti ní kí wọ́n dá a padà fún òun, òun fẹ́ gbé e kọ́ sí ìsọ̀. Kí wọ́n ṣí réjísítà síta lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n pa irọ́ inú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n kọ òótọ́ síbẹ̀: "A kò rí wọn." Wọn, ẹ gbọ́? Ẹni tó fi "ẹ" kí gbogbo wa, ẹ kò gbọdọ̀ kọ "i" fún wọn mọ́.

Ìwé ìpè náà ní wọn yóò pe orúkọ olóògbé lóhùn rara, kí èrò dìde. A ti ń bọ̀, láti Ìkòròdú, láti Ejinrin, láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ pe Fàlílátù Ọláwùmí dáadáa. Mọ́kànléláàádọ́ta ló máa dìde, tí yóò sì dáhùn. Ẹnì kan kò níí dáhùn. Òun lẹ fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.