Ariwo Tí Mo Ń Wá Nínú Ẹ́ńjìnnì

Kẹ̀-rẹ̀-gún, ìdákẹ́ díẹ̀, kẹ̀-rẹ̀-gún. Bí ariwo náà ṣe ń dún lábẹ́ ọ̀kadà mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn, débi pé mo ń gbọ́ ọ nínú kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, mo sì ń gbọ́ ọ tí mo bá ń wẹ̀. Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà lásán ló ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fi í ṣe. Bàbá mi ni mo ń fi í gbé.

Oṣù kẹta nìyẹn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó sì mú ọwọ́ ọ̀tún wọn kákò. Bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún la gẹdú ní sọ́míìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a máa ń gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó yọ ní kọ́nà, wá di ẹni tí kò lè sọ ju "ẹ̀n" lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wọ́n jù ni oúnjẹ. Mùsùlùmí gidi ni wọ́n, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń kọ́ wa pé ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ. Tí ìyá mi bá gbé ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ síwájú wọn, ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára yẹn kò ní kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á dijú, ìyá mi á sì máa fi òkèlè sí wọn lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù kan ní Àgọ́-Ìwòyè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tí irú àìsàn yìí bá ṣe. Ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ́ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìka méjì ṣí. Ó ní kí n fọwọ́ kan án kí n rí i. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé àwọn oṣù àkọ́kọ́ yìí ni gbogbo nǹkan, pé tí ọwọ́ náà bá tún lọ kákò padà, àtiṣí i kò ní rọrùn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí n má pa ẹyọ kan jẹ. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a délé, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí tábìlì oúnjẹ, wọ́n sì ń wò ó.

Ojú ọ̀nà oko ni ilé wa wà, lẹ́yìn Òjòwò, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í fẹ́ dé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kò sì fẹ́ gbé ẹni tí kò lè di nǹkan mú. Ìyá mi ló lọ mú ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí ní kékeré jáde nínú àpótí. Wọ́n ní kí n jókòó, kí bàbá mi jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n sì fi ọ̀já náà dè wá pọ̀. Ojú ti bàbá mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ká má purọ́, ojú ti èmi náà. Ṣùgbọ́n a ń dé ibi tí à ń lọ.

Nítorí ìrìn àjò yìí ni mo ṣe gbé ọ̀kadà náà lọ fún sáfíìsì. Mẹkáníìkì mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pààrọ̀ ọ́ìlì, ó fọ pílọ́ọ̀gì, ó sì fa ṣéènì le díẹ̀. Mo fọwọ́ gbọn ṣéènì yẹn wò, mo rí i pé ó ṣì dẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó tún fà á. Ó ní bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tí mo fẹ́ gbé ni, pé tí ṣéènì bá yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú bàbá tí wọ́n dè mọ́ mi lẹ́yìn ńkọ́? Mo ti wo fídíò méjì lórí fóònù mi, mo sì ti di ọ̀gá. Ó wò mí, kò bá mi jiyàn, ó fà á títí tó fi le gbagidi. Mo dúpẹ́, mo lọ.

Ọjọ́ kejì ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ tí mo dá gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sán tí ìyá mi dè wá tán, a ò tíì rìn jìnnà, kẹ̀-rẹ̀-gún. Inú bí mi. Sáfíìsì àná! Mo sáré, mo rọra, mo dẹ etí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì gbá mi lẹ́yìn. Tí ariwo bá dún, wọ́n á gbá mi. Tó bá dákẹ́, wọ́n á dúró. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ṣáà ń gbá mi lọ. Nígbà kẹta tí a jáde, ó sú mi pátápátá. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì fi ohùn tí n kì í fi bá wọn sọ̀rọ̀ sọ pé:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ yín mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí dáadáa."

Wọ́n gbé ọwọ́ wọn kúrò. Wọn ò gbá mi mọ́.

Mo kó ìbínú mi lọ bá mẹkáníìkì. Mo ní ọ́ìlì tó rọ sí i kì í ṣe ojúlówó. Ó tan ọ̀kadà náà, ó fi orí irin gígùn kan kan ẹ́ńjìnnì, ó fi etí lé orí kejì, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gùn ún yí àdúgbò ká, ó ní kò sí ohun tó ń ṣe é. Mo ní adití ni, mo sì sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó tún rọra béèrè bóyá ìgbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn ló ń dún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ẹrù, mo sì gbé ọ̀kadà mi kúrò níwájú rẹ̀.

Mẹkáníìkì kejì ní tápẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì ló ń dún. Ó tún un ṣe, kẹ̀-rẹ̀-gún. Ẹni kẹta, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tó sì lẹ́nu gan-an, ní ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ nọ́ọ̀kì, àfi kí òun ṣí i. Mo gbà. Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó kó inú rẹ̀ sínú bàsíà, ó ní rìǹgì kan wà tó yẹ kí a pààrọ̀, irú rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Mo máa ń lọ dúró ti bàsíà yẹn, inú á máa bí mi sí mẹkáníìkì, sí òjò, sí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń rí ojú ọ̀nà wa tí wọ́n ń mi orí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la rí kẹ̀kẹ́ kan tó gbà láti gbé wa, ó rì sínú ẹrẹ̀, a sì padà sílé. Ìyá mi ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ra ọwọ́ náà, èmi náà ń gbìyànjú láti nà án bí mo ṣe rí i tí obìnrin yẹn ń ṣe é, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rí i bí ìka méjì yẹn ṣe ń padà wọlé, díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi náà rí i. Nígbà tó yá, wọn ò gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì mọ́.

Nígbà tí mẹkáníìkì to ẹ́ńjìnnì pọ̀ tán, mo dá gùn ún wálé, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo ń kọrin. Ìyá mi dè wá lọ́jọ́ kejì, a ò tíì kúrò ládùúgbò, kẹ̀-rẹ̀-gún. Mo sunkún, akoto tó wà lórí mi ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ìbànújẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n kíyè sí epo. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí a tó wọ Àgọ́-Ìwòyè, epo tán, ẹ́ńjìnnì kú. Mo yọ jíà, mo jẹ́ kí ọ̀kadà máa yí lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́, afẹ́fẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Afẹ́fẹ́, àti kẹ̀-rẹ̀-gún. Ẹ́ńjìnnì ti kú, ariwo ṣì ń dún.

Mo sọ láìyíjú padà pé, "Bàbá, ẹ gbá mi."

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé mi lẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mi, wọn ò tàsé ẹyọ kan. Bí táyà ṣe ń falẹ̀ ni ariwo ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ wọn, títí gbogbo rẹ̀ fi dúró pọ̀ nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n wá na ọwọ́ náà sísàlẹ̀, wọ́n tọ́ka sí ṣéènì. Mo tẹ ara sísàlẹ̀ pẹ̀lú wọn lẹ́yìn mi, mo fìka kàn án. Ó le bí okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Mo tú ọ̀já, mo sọ bàbá mi kalẹ̀, mo tún kàn án, ó ti dẹ̀. Tí ẹni méjì bá jókòó, ṣọ́ọ̀kù á tẹ̀ sílẹ̀, ṣéènì á sì tún le sí i. Nítorí èyí ni mẹkáníìkì mi ṣe fẹ́ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo ní kó má fi sílẹ̀. Bàbá mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún máa ń fi etí mọ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlagi tó bá le jù, ti mọ ohun tó ń ṣe ọ̀kadà yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí a rí epo rà tí a sì débẹ̀, obìnrin ọsibítù náà wo ọwọ́ wọn, kò bá mi jà. Ó kàn ní a ti pẹ́ jù. Mo lọ bẹ mẹkáníìkì mi, ó dẹ ṣéènì náà kí n tó bẹ̀ ẹ́ tán, ó sì béèrè àlàáfíà bàbá. Ọ̀pọ̀ oṣù la tún fi ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè láìgbọ́ ariwo kankan. Ẹsẹ̀ wọn lágbára, ọ̀rọ̀ padà sí wọn lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé bá wọn lórí oúnjẹ. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà kí ẹni tó bá ń kọjá má bàa rí ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Mo jókòó tì wọ́n, mo béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé kí ló dé tí wọn ò gbá mi mọ́ láti ọjọ́ tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà títí epo fi tán. Wọ́n gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ òsì wọn mì. Kò sí ìbínú lójú wọn.

"O ní kí n jẹ́ kí o gbọ́ ẹ́ńjìnnì," ni wọ́n wí. "Mo sì jẹ́ kí o gbọ́ ọ."

Wọ́n ti kú báyìí, kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Ìyá mi ló ń jókòó sẹ́yìn mi nísinsìnyí tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà. Tí ọwọ́ wọn bá kàn mí lẹ́yìn, ì báà jẹ́ ìborùn ni wọ́n ń tún ṣe, mo máa ń dúró, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, mo máa ń béèrè. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, kí n máa lọ jàre, oòrùn ń pa àwọn. Mo máa ń dúró díẹ̀ sí i kí n tó tan án.