Nọ́sù Mẹ́rin Tí Sàúdátù Fi Ọ̀dà Pupa Sàmì Sí

Sàúdátù kì í fọkàn tán awakọ̀, kì í fọkàn tán mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń yára búra, ó ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣì ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ tó ń bá a kó ẹrù a máa yọ èyí tó dára jù sílẹ̀ lọ́nà, á ní ọlọ́pàá ló gbà á. Ọjọ́ tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ ìyàwó awakọ̀ yìí, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ńṣe ló lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà tó yá, ó ra tòkunbọ̀ kan tó jẹ́ oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, ó pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, á sì tún já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí Ìjagun. Òun nìkan lobìnrin láàárín àwọn awakọ̀ gáréèjì wọn. Ìyá Fatihah ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì bó bá ti fẹ́ gun òkè. Ó gbé e lọ bá Micah, mẹkáníìkì jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ti ń tún un ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Micah tú orí ẹ́ńjìnnì, ó yọ nọ́sù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì fi hàn án pé méjì ti dí, ọ̀kan sì ń jò.

"Ìyá Fatihah, wọ́n ti lò ó kọjá ààlà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ra òmíràn."

"Èmi náà lẹ́sẹ̀. Mo lè rà á."

"Kì í ṣe gbogbo èyí tó bá wọ ihò ló bá ẹ́ńjìnnì mu o, mà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá tóbi jù, á máa da epo nù. Èyí tó bá sì kéré jù, ebi ni á máa pa ẹ́ńjìnnì."

Sàúdátù rò pé ńṣe ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba òun kó lè jèrè lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú nọ́sù àtijọ́ náà sínú ọ̀rá, ó gba ọ̀dọ̀ Haneef lọ, ẹni tó ń ta páàtì àlòkù ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn. Haneef kó àwọn kan tó ń dán wá. Sàúdátù yí ọ̀kan síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rí i pé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí tòun.

"Oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ni wọ́n yọ wọ̀nyí lára rẹ̀," Haneef ní. "Ọkọ̀ yín á máa sáré dáadáa."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé eré ni mo fẹ́ sá?"

Haneef rẹ́rìn-ín, ó lọ wá èyí tí nọ́ńbà wọn bára mu. Ìyẹn nìkan kò tó fún Sàúdátù. Ó ní kó fọ́n epo níṣojú òun. Haneef to ìgò mẹ́rin tó dọ́gba, ó so àwọn nọ́sù mọ́ bátìrì àti pọ́ǹpù, ó sì jẹ́ kí wọ́n fọ́n epo. Epo inú ìgò kan kò tó ti àwọn yòókù. Sàúdátù ní kó pààrọ̀ nọ́sù yẹn.

"Ìgbà tí pọ́ǹpù bá ń ti epo bó ṣe yẹ nìkan ni ìgò lè fi nọ́sù tó dára hàn yín o," Haneef ní bó ṣe ń tún un so. "Bí ipá epo, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í, bá pọ̀ jù, nọ́sù tó dára gan-an á máa da epo ni."

Nígbà tí ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, Sàúdátù sanwó. Nígbà tó délé, ó mú ọ̀dà pupa tí Fatihah fi ń kun èékánná, ó kán ẹyọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, níbi tí Micah kò ti ní kíyè sí i.

Lọ́jọ́ tí Micah fẹ́ dè wọ́n, Sàúdátù jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àílà nìkan ló dìde. Nígbà tó fi máa kírun dé, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, Micah sì ń fọwọ́.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí, mà." Kò wo ojú rẹ̀.

Lóòótọ́, ọkọ̀ náà ń gun òkè. Àmọ́ èéfín dúdú ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, òórùn epo gba inú ọkọ̀, epo tó ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀ kò sì dé ọ̀sán mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sí Ìjagun fi ìborí bo imú, ó bi í bóyá ọkọ̀ náà kò ní gbiná. Sàúdátù ra ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu táńkì, ó rò pé wọ́n ń fa epo òun. Epo kò yéé tán. Ló bá dá a lójú pé Micah ti fi nọ́sù ẹlòmíràn pààrọ̀ tòun.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Micah lójú àwọn oníbàárà.

"Tú nọ́sù mi fún mi, kí n rí ohun tó o fi pààrọ̀ wọn."

"Èmi, Ìyá Fatihah? Pẹ̀lú bó ṣe pẹ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ yín ṣe?"

"Ó pẹ́ ni, kò pẹ́ ni, tú u."

Micah tú wọn. Sàúdátù dà wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá kan tó wá tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Micah, má bínú," ó ní, ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí wàhálà, mà. Kò sí wàhálà rárá."

Ìdáhùn yẹn yá jù lẹ́nu Micah. Ẹni tí wọ́n pè lólè láìjalè, inú ló yẹ kó bí i, ojú Micah sì dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewu. Sàúdátù dúró. Ó rántí ohun tí Haneef sọ nídìí ìgò. Bí nọ́sù bá jẹ́ tòun, kí ló ń ti epo jù?

"Gbé géèjì wá, ká fi wọn ipá epo."

Micah ní ọ̀rẹ́ òun ti yá a lọ. Sàúdátù kò bá a jiyàn. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ mú Haneef wá pẹ̀lú géèjì tirẹ̀. Wọ́n dá nọ́sù padà, wọ́n ṣíná ọkọ̀, ọwọ́ géèjì sì kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí dáadáa. Haneef bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan irin róbótó tí wọ́n ń pè ní rẹ́gúlétọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ipá epo pọ̀ jù.

"Eléyìí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí."

Gbogbo ojú yí sí Micah. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ títí.

"Ìgbà tí ẹ lọ kírun ni tiyín kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti dípẹtà. Mo wá fi èyí tó wà nílẹ̀ rọ́pò rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ pé ńṣe ló kán fúnra rẹ̀, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

Sàúdátù mọ̀ pé òun kò ní gbà á gbọ́. Ohun tó dùn ún jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ju epo tó ti jó dànù lọ.

Haneef wá rẹ́gúlétọ̀ tó bá ọkọ̀ náà mu, Micah dè é láìgba kọ́bọ̀, ọwọ́ géèjì sọ̀ kalẹ̀, èéfín sì dáwọ́ dúró. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ Sàúdátù ní kó fi Micah sílẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, ìyẹn sì ti búra lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sàúdátù kò dúró kó búra lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ti Micah sàn," ó sọ fún wọn ní gáréèjì. "Mo ti mọ irú irọ́ tó ń pa."

Ní báyìí, bí nǹkan bá kán lọ́wọ́ Micah, á gbé e tọ Sàúdátù wá kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Sàúdátù á wò ó fínnífínní, á bi í ní ìbéèrè, nígbà míì á ní òun gbà. Ó ti ra géèjì tara rẹ̀ pẹ̀lú, inú bùùtù ló ń gbé e sí. Bí awakọ̀ kan bá fẹ́ yá a, kì í kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ, á sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi lò ó tán.