Ṣájà Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n rédíò ìyá mi ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Bí mo bá gbọ́ ṣájà tó ń kùn, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ń rántí.

Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Lọ́jọ́ náà, bátìrì ọkọ̀ kú, ṣájà tó ń fún un níná ò kùn, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá yẹ ọkọ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá tú ṣájà nínú ọkọ̀, ó gbóòórùn okùn iná tó jóná, ló bá wọlé lọ gé okùn rédíò ìyá mi fi rọ́pò rẹ̀. Ṣájà kùn.

"Bàbá Dúpẹ́, rédíò mi ńkọ́?" ni ìyá mi bi í.

"Ìjọba ti gbà á síṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín; ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù pé iṣẹ́ tirẹ̀ lè bọ́ ló ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì dáhùn nígbà àkọ́kọ́ tí Bàbá tan án. Bàbá dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá, ni ṣòkòtò kakí rẹ̀ tí omi bátìrì ti jẹ bá fàya pẹ̀rẹ̀ẹ̀ nídìí.

Ọ̀gá yíjú sódò. "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ́ńjìnnì ti bá yín kí wa."