Ọjọ́ Tí Wọ́n Ru Àga Wọ Òpópónà Ìdẹ̀ra

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́ tó ohun tí à ń pè ní ìtàn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, nígbà tí àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ohùn inú fóònù wọn láti sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojú Ẹlẹ́gbà, tí ohùn náà sì ń kó wọn gba àdúgbò wa nítòsí Ìpọ̀nrí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé òpópónà wa lónìí bá géètì níbẹ̀ ni. Wọ́n rò pé bó ṣe ń ṣí láàárọ̀ tó sì ń tì lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. A jà kó tó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ìjà náà ṣe lọ, torí mo ṣì ń ṣàárò ẹni tí mo torí rẹ̀ jà á.

Mo ti jókòó sínú oòrùn rí nígbà tí àwa olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti gbé pálí ìwọ́de títí apá fi ń ro mí. Ìjọba là ń bá jà nígbà yẹn, ìjọba kì í sì í kí ènìyàn láàárọ̀. Ti géètì yìí yàtọ̀. Àwọn tí mo bá jà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà tí ọkọ mi kú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìjà tó le, ẹ bá aládùúgbò tí ẹ fẹ́ràn jà.

Òpópónà Ìdẹ̀ra ni mò ń gbé. Òpópónà Àkànbí wà lẹ́yìn wa gan-an. Àwọn méjèèjì ló jáde láti ojú títì ńlá lọ sí ọ̀nà ọjà, ọ̀nà tóóró kan sì so wọ́n pọ̀ láàárín. Ní ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn, lápá Àkànbí, ni ilé Ràlíátù wà, ọ̀rẹ́ mi. Ràlíá ni mò ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní Tíṣà. Aránṣọ ni. Aṣọ iléèwé ló ń rán jù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú ló sì ti ń rán an, torí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìta ló fi ń ríran. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, màá gba ọ̀nà tóóró yẹn kọjá lọ bá a. Òun á máa gán bọ́tìnì, èmi á máa ka ìwé ìròyìn sókè fún un, òun á sì máa dá ìròyìn náà lẹ́jọ́ kí n tó kà á tán.

"Irọ́ ni," ni yóò wí. "Bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Ohun tó bí géètì kì í ṣe ìkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọkọ̀ tó ń sáré gba òpópónà wa ló kọ lu ọmọ-ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Adéòtí, alága ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù wa, tó ti fẹ̀yìn tì ní báńkì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán. Ta ni yóò rí i pẹ̀lú P.O.P. tí dókítà fi de ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò ní sọ pé ká ti ọ̀nà? Nígbà tí alága pè wá sípàdé, mo dìbò pé ká ṣe géètì sí ẹnu méjèèjì òpópónà wa àti sí ọ̀nà tóóró. Ṣùgbọ́n mo ní ká fi sáà ìwé kan ṣe ìdánwò ná. Bí sáà bá parí, ká lọ wo ohun tí géètì wa ṣe fún àwọn ará Àkànbí, ká tó sọ ọ́ di ti gbére. Gbogbo ilé gbà.

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn nígbà tí wọ́n ti géètì. Òpópónà Ìdẹ̀ra dákẹ́. Àwọn ọmọdé ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín títì. Mo gbọ́ ẹyẹ lórí igi máńgòrò alága, èyí tí mi ò gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dára, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ ọkọ̀ kì í yọ́ bí iyọ̀. Gbogbo èyí tó ti ń pín ara rẹ̀ sí òpópónà méjì tẹ́lẹ̀ ló rọ́ wọ Àkànbí. Wọ́n ti àgádágodo mọ́ ọ̀nà tóóró, nítorí náà mo ní láti gba ojú títì ńlá yí ká kí n tó dé ọ̀dọ̀ Ràlíá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, n kò bá a lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó ti gbé maṣíìnì rẹ̀ wọ inú pálọ̀, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì lé e lórí.

"Kí ló dé, Ràlíá?"

"Kẹ̀kẹ́ Marúwá kan gun orí gọ́tà wá kí mi," ló wí. "Ó gbá tábìlì mi. Aṣọ iléèwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lọ sínú gọ́tà. Awakọ̀ náà tún ní kí n má bínú, pé ọ̀nà ló há."

"Àwọn oníbàárà ńkọ́?"

"Níbo ni wọ́n fẹ́ dúró sí? Ta ló fẹ́ kú nítorí níkà iléèwé ọmọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Tíṣà, ọmọ mi obìnrin ń pè mí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rí bí ìdánwò yín ṣe máa já sí. Bí géètì yẹn bá di ti gbére, mo máa kó lọ."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tó kù kí sáà parí.

Sáà ìwé parí. Ó kù ká lọ wo Àkànbí gẹ́gẹ́ bí a ti ṣèlérí. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù wa ṣe. Ní àdúgbò wa, a ṣì ń ṣe Sátidé ìmọ́tótó lóṣooṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ni yóò jáde ko gọ́tà, ẹnikẹ́ni kì í sì í wa ọkọ̀ wọ inú òpópónà kankan títí a ó fi kó ẹrẹ̀ tán. Nítorí pé gbogbo ènìyàn ti wà níta lọ́jọ́ náà, alága ní ká kúkú fi ibẹ̀ ṣe é. Àwọn ìgbìmọ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n sì kọjá sí Àkànbí pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ láàárín títì tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ní ìpàdé, alága dìde. "A ti lọ wò ó o. Àkànbí dákẹ́ rọ́rọ́. Ewúrẹ́ ń sùn lójú títì! Géètì wa kò ni ẹnikẹ́ni lára."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi nawọ́ sókè.

"Alága, ọjọ́ wo lẹ lọ?"

"Sátidé, Ìyá Tíṣà. Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ di ìgbálẹ̀ mú."

"Ọjọ́ tí gbogbo wa so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ lọ wo ìrìn ọkọ̀? Bí mo bá lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ ìsinmi, tí mo bá a tó dákẹ́, ṣé màá wá kọ ọ́ pé àwọn ọmọ mi kì í pariwo?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tíṣà, àwa kọ́ la kọ́ Ojú Ẹlẹ́gbà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti wà kí géètì tó dé. Ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù Ìdẹ̀ra sì nìyí, kì í ṣe ti Àkànbí. Ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ mi ló kán, kì í ṣe ẹsẹ̀ tiwọn."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló mú kó le láti dá a lóhùn. Mo ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí iléèwé bá wọlé. Bí mo bá parọ́, ẹ fi géètì náà sílẹ̀." Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ẹgbẹ́ rí, ẹ mọ ìtumọ̀ "a ó rò ó."

Ọ̀rọ̀ náà dé Àkànbí kí n tó délé. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bínú, wọ́n ní àwọn yóò fi ayùn gé àgádágodo ọ̀nà tóóró. Ràlíá ránṣẹ́ pè mí. Mo bá wọn lórí ìdúró níwájú ilé rẹ̀.

"Bí ẹ bá gé e," ni mo wí, "ọlọ́pàá ni yóò wá, ayùn yín ni gbogbo ènìyàn yóò máa sọ. Ta ni yóò tún rántí pé ọkọ̀ ń gun ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ará Ìdẹ̀ra lẹ̀yin. Ẹ̀ ń gbádùn. Ṣé kí àwa máa wò ni?"

Ràlíá ló dá a lóhùn. Ó gbé àga ṣíṣofo rẹ̀ láti inú pálọ̀, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa. "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá jókòó síbí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá jókòó."

Bí ìwọ́de wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé tí iléèwé wọlé, àwọn ará Àkànbí to ara wọn láti ẹnu géètì ńlá, tọkùnrin tobìnrin, olúkúlùkù ru àga kan. Èmi ni mo ní kí mẹ́gádì ṣílẹ̀kùn. Wọn kò mú igi, wọn kò mú òkúta. Wọ́n ń kọrin pé, "Ẹ wá jókòó o, ẹ wá jókòó, ẹni tó fẹ́ dá wa lẹ́jọ́, kó wá jókòó." Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí wọn káàárọ̀, á ní, "Mo gbé àga yín wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ lé mi." Ta ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ kí i? Ràlíá fúnra rẹ̀ ló lọ sí ilé alága.

Alága jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ràlíá nínú aṣọ funfun. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ fi dé. Bọ́ọ̀sì Kọ́rópe ń fọn fèrè mọ́ jíípù, jíípù kò lè sún sẹ́yìn, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí gọ́tà bí akàn. Kẹ̀kẹ́ Marúwá kan gun orí òkúta gọ́tà, ó kù díẹ̀ kó gun alága lẹ́sẹ̀.

"Dádì!" ni awakọ̀ náà ké. "Ṣé ẹ fẹ́ wọlé kí n gbé yín ni? Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ràlíá bu omi fún alága. Ó wo inú ife, eruku ti bo ojú omi náà. Ó mu ún, torí pé ọmọlúàbí ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "Ìyá, ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?"

"Rárá o," ni Ràlíá wí. "Sátidé ìmọ́tótó, a máa ń sinmi."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, alága fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí géètì máa ṣí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀nà tóóró wà ní ṣíṣí fún ẹlẹ́sẹ̀ nígbà gbogbo, kí a sì fi sìmẹ́ǹtì ṣe bọ́ǹpù sí òpópónà méjèèjì kí ọkọ̀ má baà sáré. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní géètì tó ṣí á jẹ́ kí olè máa wọlé. A dìbò, a sì fi díẹ̀ borí. Mo sáré gba ọ̀nà tóóró lọ sọ fún Ràlíá. Ó gbé maṣíìnì rẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú mi.

Èyí ni ohun tí a rí gbà, kò sì kéré. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wọn ìyókù pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà. Bọ́ǹpù ti Ìdẹ̀ra jáde kíákíá, torí pé sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀. Ti Àkànbí dúró de sìmẹ́ǹtì mìíràn. Òjò dé. Lẹ́yìn òjò, a yan àwọn olóyè tuntun, àwọn yẹn sì ní àwọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣèlérí. Awakọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ọ̀nà kan bá ní bọ́ǹpù tí èkejì kò ní, èyí tó tẹ́jú ni yóò gbà. A ṣí géètì tán, bọ́ǹpù wa wá ń ṣe iṣẹ́ géètì. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ, mo tún un sọ.

Ràlíá mú sùúrù ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ tún gbá tábìlì rẹ̀, kò bínú rárá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti parí. Mo bá a di ẹrù Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi àga yẹn sílẹ̀ fún mi.

Ilé rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò fóònù báyìí. Síbẹ̀, bí oòrùn bá rọlẹ̀, mo ṣì máa ń gba ọ̀nà tóóró yẹn kọjá. Ẹsẹ̀ mi kò tíì gbọ́ pé ó ti lọ. Mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń wo títì náà bóyá ẹnìkan ti da yanrìn síbẹ̀, màá sì padà sílé lọ jókòó sórí àga rẹ̀, màá pè é lórí fóònù.

"Tíṣà," ni yóò wí, kó tó kí mi, "wọ́n ti ṣe bọ́ǹpù yẹn?"

"Wọn ò tíì ṣe é, Ràlíá."

"Ó dáa. Ka ìwé ìròyìn fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é, kó o pè mí láàárọ̀, kí n lè tètè rí ọkọ̀ wọ̀ bọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìdẹ̀ra, mo ti dàgbà, n kò lè po sìmẹ́ǹtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan pè é sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.