Ẹ̀yìn ni Wúràọlá Kọ sí Omi

Wúràọlá kì í bẹ ènìyàn. Nọ́ọ̀sì ni ní Lewisville, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé inú máa ń bí àwọn aláìsàn bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá a. Láti ìgbà tí a ti jọ dé Dallas ni èmi Túndùn ti ń bá a ṣọ̀rẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, àbí kí n ní mo rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí lè gbé àpò ìrẹsì gun àtẹ̀gùn dókè kó tó gbà kéèyàn ran òun lọ́wọ́. Ìwà yẹn a máa bí mi nínú.

Nítorí náà, ẹ̀rù bà mí nígbà tó pè mí lórí fóònù tó ń bẹ̀ mí.

"Túndùn, jọ̀ọ́, gba off. Mo fẹ́ kó o bá mi lọ síbì kan. Lake kan wà ní New Mexico, a máa camp níbẹ̀."

Mo bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Kéèyàn ní ilé, kó ní bẹ́ẹ̀dì, kó wá wa mọ́tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ sùn sílẹ̀ láàárín àkekèé? Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Wúràọlá bí, Olúwadámisí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló gbé ọmọ náà lọ sí New Mexico, níbẹ̀ ló ti fẹ́ Stella, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní èṣí, Dámisí jáde lọ sáré ìdárayá láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Stella ní kí wọ́n dáná sun òkú náà, pé ohun tí ọkọ òun fẹ́ nìyẹn. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì káwọ́ lérí. Albert, ọkọ Wúràọlá, rán àbúrò rẹ̀ lọ, ó sì ní kí ìyàwó òun jókòó sílé, nítorí òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í fi sàárè ọmọ han òbí. Àwọn àgbà ìjọ tó máa ń wàásù pé ká pa àṣà tì ní òótọ́ ni Albert sọ. Wúràọlá jókòó sílé. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n kó eérú náà sí fún un, àwa náà ò sì pè é ní Ìyá Dámisí mọ́, nítorí ẹ̀rù orúkọ náà ń bà wá.

A kọjá Abilene, igi ń dín kù, ilẹ̀ ń gbẹ sí i. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, òun ń wa mọ́tò. Mo ti pinnu pé bí mo bá lè mú un rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré, ìrìn àjò wa ti yẹ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀. Omi adágún náà tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín àwọn òkè pupa tí kò hu koríko. Nígbà tí a pàgọ́ tán, mo gbé àga méjì kọjú sí omi. Wúràọlá yí tirẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

"Ṣé parking lot lo wá wò láti Lewisville?" ni mo bi í.

Bàbá òyìnbó kan tó ń pẹja nítòsí fún wa ní ẹja àrọ̀ kan tó sanra. Inú mi dùn, nítorí mo mú ata rodo àti efinrin bọ̀ láti ilé. Mo gbé ìkòkò kaná, mo mú ọ̀bẹ.

"Má fọ̀bẹ kàn án, Túndùn. Dá a padà fún un."

"Kí ló ṣe é?"

"Dámisí wà nínú omi yẹn."

Mo rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní òun bẹ Stella títí tó fi sọ fún òun. Ibẹ̀ ni Stella àti Dámisí ti máa ń pàgọ́, ibẹ̀ náà ni Stella da eérú rẹ̀ sí.

Inú bí mi. "O mọ̀, o ò sì sọ fún mi? Wúrà, èèwọ̀ ni."

"Tí mo bá sọ, ṣé o máa tẹ̀ lé mi?" Kò gbé ohùn sókè. "Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ rí sàárè ẹ̀. Mi ò sì rí i. Kò sẹ́ni tó ní kí n má sún mọ́ ọn."

Mo dá ẹja padà fún bàbá náà, mo sunkún bọ̀. Òun kò sunkún.

"Bá mi wò ó," ó ní. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó fẹ̀. Ó mọ́. Ẹyẹ wà lórí ẹ̀."

"Ṣé ó tutù? Ọmọ yẹn ò lè fara da ooru láti kékeré. Bá mi fọwọ́ kàn án."

Mo lọ, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Oòrùn ti pa á láti àárọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo padà, mo ní, "Ó tutù dáadáa."

Kò yíjú padà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa ọwọ́ mi tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi, ó mọ̀ pé mo parọ́. Ó dì í mú síbẹ̀ títí atẹ́gùn fi gbẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Tún lọ, Túndùn," ó ní.